Ọ̀nà Wo ni Kí Owó Àwọn Ọmọ Wa Gbà Wọlé?

Kí n tó bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi wá ní oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí n bá ìdílé wa kan ní Kubwa yọ̀, àwọn tí Olúwa fi ìbejì dá lọ́lá, takọtabo, lẹ́yìn ọdún 9 tí wọ́n ti ń retí. Tìyá tọmọ ń ṣe dáadáa. A sì ń kí àwọn ará wa ní Nyanya kú ìrọ́jú, àwọn tí wọ́n gbé òkú bàbá wọn lọ sí ilé ní oṣù tí ó kọjá. Ẹ̀yìn bàbá yóò dára o.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú yìí gan-an ni ó fa ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí akọ̀wé ń ka iye tí olúkúlùkù dá fún àwọn ọlọ́fọ̀, akápò wa dìde, ó ní àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Kánádà àti ní Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè máa gba owó ìdáwó wọn ní USDT. Kí ó tó jókòó, ilé ti dàrú. Ìyá kan béèrè pé oúnjẹ wo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá kan ní gbájúẹ̀ ni, ó tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Tron ni ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Èkejì ní Solana ni, pé ẹni tí ó bá ń lo Tron ń fi owó ṣòfò ni. Ẹ̀kẹta ní BNB ni òun ń lò láti ọjọ́ yìí wá, kò sì já òun kulẹ̀ rí. Òtítọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni ju àwọn tìkára wọn lọ. Alága wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ tí o máa ń kọ̀wé, kọ ọ́ kí ó yé wa.” Mo gbà láti kọ ọ́, nítorí pé mo ti fi owó ara mi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, àti nítorí pé àpótí ẹgbẹ́ yìí ni ó yọ mí nígbà náà. N óò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ́ USDT. Dọ́là ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a lè kà ní ọwọ́. Inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní Tether ni ó ń ṣe é jáde láti 2014, ó sì ṣèlérí pé ẹyọ kan rẹ̀ tó dọ́là Amẹ́ríkà kan. Nítorí náà kò dàbí Bitcoin, tí iye rẹ̀ lè lọ sókè ní àárọ̀ kí ó sì já wálẹ̀ ní alẹ́. Ohun tí ó mú kí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ tí ó wà ní Toronto lè fi í ránṣẹ́ ní òru ọjọ́ Sunday, kí ó tó dé orí ibùsùn, owó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà ní Gwagwalada.

Ibi tí ìdààmú wà nìyí: USDT jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí ó ń gbà rìn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ rántí ayé àwọn bàbá wa. Nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Minna, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní Ọ̀fà, pọ́n-ún kan náà ni ó ń fi ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ tó mẹ́ta. Ó lè ra ìwé owó ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó lè fi lé gáàdì ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́. Ó sì lè fún oníṣòwò kan tí ó ń padà lọ sílé. Pọ́n-ún kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá fún gáàdì ní owó, tí ìyá rẹ̀ lọ dúró sí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kí ni yóò rí gbà? Owó náà kò sọnù. Ó wà ní Ọ̀fà níbẹ̀, ní ìdíkọ̀, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò lè dé ọwọ́ ìyá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Tron, Ethereum, BNB àti Solana rí.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń kọ, tí gbogbo wọn sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a bá ti kọ sínú rẹ̀, kò sí ọ̀gá báńkì tí a lè lọ bẹ̀ pé kí ó pa á rẹ́. Àwọn tí ó ń kọ ìwé náà ń gba owó iṣẹ́ wọn, n óò sì máa pe owó yìí ní owó ibodè, nítorí pé iṣẹ́ oníbodè ayé àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ohun méjì ni ó yẹ kí á mọ̀ nípa oníbodè yìí. Èkínní ni pé orí ni ó ń kà, kì í wo ẹrù. Ẹni tí ó ru dọ́là 10 àti ẹni tí ó ru dọ́là 10,000, iye kan náà ni wọn yóò san bí wọ́n bá jọ kọjá ní àkókò kan náà. Èkejì ni pé kì í gbà nínú ẹrù. Nígbà owó ẹyọ, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, a lè ka owó alárùú fún un láti inú ọ̀kẹ́ tí ó rù. Oníbodè Tron kò gba USDT, TRX ni ó ń gbà. Ti Ethereum ń gba ether, ti BNB ń gba BNB, ti Solana ń gba SOL. Mo mọ ìyá kan ní Lugbe tí ọmọ rẹ̀ fi USDT 50 sínú àpò fóònù rẹ̀ lórí Tron. Fún ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi ń wo owó náà láìlè nà án, nítorí pé kò ní TRX kankan. Ó rò pé wọ́n ti jí i. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi TRX díẹ̀ ránṣẹ́ sí i tí ó fi rí i lò.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn ọ̀nà náà. Bitcoin ni àgbà wọn, January 2009 ni ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú ìwé tuntun kan ni ó ń ṣí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10-10, àyè inú rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà nígbà tí èrò bá pọ̀ owó ibodè a gbówó lórí. Ní ọjọ́ 20 oṣù April 2024, iye tí ènìyàn ń san, bí a bá pín in dọ́gba, ju dọ́là 100 lọ. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bá rẹ̀ tí a ń pè ní Lightning, èyí tí ó yára tí kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń lò ó láàárín wa. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó pamọ́ tí kò bẹ̀rù ìdìde àti ìṣubú rẹ̀ lè ra Bitcoin. Ẹni tí ó fẹ́ san owó ilé ìwé ní ọjọ́ Monday, kí ó wá ọ̀nà mìíràn.

Ethereum bẹ̀rẹ̀ ní July 2015. Ọ̀nà ńlá ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe lórí rẹ̀ tí kò kan ti fífi owó ránṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó gbé owó oúnjẹ ìyá rẹ̀ dání yóò bá àwọn olówó ayé du àyè. Ní May 2021 àwọn ọjọ́ kan wà tí owó ibodè rẹ̀ ju dọ́là 50 lọ lórí ẹrù kan ṣoṣo. Ó ti rọ̀ gan-an láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mọ ọjọ́ tí yóò tún le.

Tron ni ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò wa ń tọ̀ jù. 2018 ni ọ̀nà náà ṣí, 2019 ni USDT bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá, nígbà tí ti Ethereum sì di ọ̀wọ́n gógó, gbogbo ènìyàn sá wá síbẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tí ó ń ra ọjà láti Ṣáínà, tàbí àwọn tí ó ń ṣe pàṣípààrọ̀ dọ́là ní Wuse Zone 4. Bí ẹ bá ní USDT, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni bóyá lórí Tron ni. Iyì rẹ̀ nìyẹn: kò sí ibi tí a kò ti gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ pé kò wọ́n rárá, ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n ń sọ. Bí USDT bá ti wà nínú àpò ẹni tí a ń fi owó ránṣẹ́ sí, owó ibodè jẹ́ nǹkan bíi TRX 6.5, bí àpò náà bá ṣófo, ó di nǹkan bíi TRX 13. Ní ìparí 2025, èyí túmọ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 2 tàbí 4. Kí wọ́n tó dín in kù ní ìparí August 2025, ó ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tí ó ń fi dọ́là 800 ránṣẹ́, kí ni dọ́là 2? Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi dọ́là 15 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà lóṣooṣù, owó ata ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Ibi yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń pariwo Solana àti BNB ti jàre. Solana ṣí ní March 2020, ti BNB Smart Chain ní September ọdún kan náà. Lórí Solana, owó ibodè kì í sábà tó sẹ́ǹtì kan, àfi ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa san díẹ̀ sí i láti ṣí àyè fún USDT nínú àpò tuntun. Lórí BNB kò ju sẹ́ǹtì mélòó kan lọ. Àwọn méjèèjì yára, kí a tó wí fún ẹni tí ń gbà á pé kí ó wo fóònù rẹ̀, ó ti dé. Àléébù Solana ni pé ó ti dákú rí. Ní September 2021 ó dúró fún nǹkan bíi wákàtí 17, ní ọjọ́ 6 oṣù February 2024 ó tún dúró fún nǹkan bíi wákàtí 5. Owó ẹnikẹ́ni kò sọnù nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà ń dúró de owó rẹ̀ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ti BNB, àléébù rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ó wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì, èyí ni ó sì mú mi wá sí orí ìtàn tèmi.

Ìyá mi ni ó sùn ní July 2022, ní Ọ̀fà, ní ẹni ọdún 81. Màlúù àti oúnjẹ àlejò bọ́ sí ọwọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Kánádà. Dọ́là 600 ni ipa tirẹ̀. Ní ìgbà náà, nǹkan bíi ₦420 ni dọ́là kan ní ìwọ̀n ìjọba, ó sì ti kọjá ₦600 lójú pópó, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ọ̀nà báńkì fi owó rẹ̀ wọ́lẹ̀ ni. A gbà pé kí ó fi USDT ránṣẹ́. Mo ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé pàṣípààrọ̀ kan (n kò ní dárúkọ rẹ̀), mo sì fi àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fún mi ránṣẹ́ sí i. ERC20 ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀, èyí ni orúkọ tí Ethereum ń jẹ́ nínú fóònù, bí wọ́n ti ń pe Tron ní TRC20, tí wọ́n ń pe BNB ní BEP20. Èmi kò mọ̀ pé orúkọ náà ṣe pàtàkì, n kò kọ ọ́ ránṣẹ́. Àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ni mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ san án, ó rí i pé ERC20 yóò gba dọ́là 12, BEP20 kò ní gbà ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ. Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní mú èyí tí kò wọ́n? Àdírẹ́ẹ̀sì Ethereum àti ti BNB rí bákan náà, 0x ni àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà fóònù rẹ̀ kò bá a wí. Ó tẹ̀ ẹ́, owó lọ.

“Bùọ̀dá mi, mo ti fi ránṣẹ́ o. Ẹ wò ó.”

“N kò tíì rí nǹkan kan.”

“Ó ti dé, Bùọ̀dá. Mo ń wò ó níbí.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá ara wa sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ohùn ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tí ìyá wa sì wà ní mọ́ṣúárì. N kò ní fi pamọ́ fún yín, ní òru ọjọ́ náà mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá kò fi owó kankan ránṣẹ́. Òun náà ti jẹ́wọ́ fún mi láti ìgbà náà pé òun rò pé mo ti ná an. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Owó ti dé àdírẹ́ẹ̀sì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà BNB, ilé pàṣípààrọ̀ tí mo ń lò kò sì ṣí ilẹ̀kùn sí ojú ọ̀nà yẹn ní ìgbà náà. Gáàdì ti gbé e dé ìdíkọ̀, èmi jókòó sí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ìsìnkú ku ọjọ́ 5. Mo lọ bá alága wa ní alẹ́, ó pe akápò, wọ́n sì ka ₦300,000 fún mi láti inú àpótí ẹgbẹ́ láìgba èlé, láìmú ohun ìdúró. Ọ̀sẹ̀ 11 ni ilé pàṣípààrọ̀ náà fi wá owó wa jáde, wọ́n sì yọ dọ́là 50 nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ní October mo dá owó ẹgbẹ́ padà. Ẹ óò rí i nínú ìwé ìṣirò ọdún náà.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé ká ní àpò tèmi ni mo lò, irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀, owó náà ìbá ti jáde ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kan náà ni ó ń ṣí àdírẹ́ẹ̀sì 0x lójú ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀dọ̀ ilé pàṣípààrọ̀ ni ó ti di ọ̀ràn, nítorí pé àwọn ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Mo sì tún mọ̀ pé àṣìṣe yìí kì í ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí Tron. Lẹ́tà T ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e fún ọ̀nà mìíràn, fóònù yóò kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti Solana pẹ̀lú kò jọ ti àwọn tí ó kù. Ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì ti jọra ni ẹ ti ní láti ṣọ́ra: Ethereum, BNB, àti àwọn mìíràn bí Polygon, Arbitrum àti Base, 0x ni gbogbo wọn.

Bàbá tí ó ní gbájúẹ̀ ni ní ìpàdé, n kò lè dá a lẹ́bi. Gbogbo wa ni a gbọ́ igbe àwọn tí owó wọn bá CBEX lọ ní April 2025, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Àwọn olè náà gba USDT lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí olè ayé àtijọ́ ti ń gba pọ́n-ún. Ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kò retí kí ó di méjì lójú ọ̀nà, kí ó dé nìkan ni ó ń fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ìjọba pẹ̀lú ti yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ìbéèrè bóyá òfin gbà á kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ní ọjọ́ 5 oṣù February 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ó ń ṣe òwò yìí pa. Ní October ọdún náà Ààrẹ Buhari ṣí eNaira níhìn-ín ní Àbújá. Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù December 2023, Báńkì Àpapọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin ti 2021. Kò pẹ́, ní February 2024, wọ́n mú àwọn ọ̀gá Binance méjì ní Àbújá, nígbà tí oṣù March sì dé, Binance kò bá náírà ṣe mọ́. Ní August 2024, àjọ SEC fún Busha àti Quidax ní ìyọ̀ǹda ìbẹ̀rẹ̀, òfin tuntun ti 2025 tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní March ọdún náà sì fi àwọn dúkìá orí ẹ̀rọ wọ̀nyí sí abẹ́ àjọ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ USDT di náírà lónìí, kí ó wá ilé pàṣípààrọ̀ tí àjọ yìí mọ̀. Títà á fún ẹni tí a kò mọ̀ rí lórí fóònù léwu, nítorí pé ìwé ìfitónilétí owó ayédèrú pọ̀ lóde. Bí owó náà kò bá tíì hàn nínú àkáǹtì yín gan-an, ẹ má ṣe tú USDT sílẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ ń búra.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ èyí pẹ̀lú. Láàárín Nàìjíríà, kò sí èyí tí ó dùn lò tó báńkì nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti 2020, owó iṣẹ́ lórí ìfiránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì jẹ́ ₦10 bí owó kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, àti ₦50 fún èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ènìyàn ń fi Tron ṣe láti Garki sí Ìbàdàn? Àní láti òkè òkun pàápàá, nǹkan ti yí padà. Ohun tí ó lé èmi àti àbúrò mi sí USDT ní 2022 ni àlàfo tí ó wà láàárín dọ́là ìjọba àti dọ́là pópó. Láti June 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, àlàfo náà ti kéré púpọ̀. Kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ bi àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi owó ránṣẹ́ léèrè iye tí ìyá yóò rí gbà ní náírà, kí wọ́n fi wé ti USDT lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ibodè àti èrè ẹni tí yóò rà á. Nígbà mìíràn ọ̀nà àtijọ́ ni yóò borí.

Ní ti ìbéèrè akápò, èrò tèmi nìyí, kí ẹgbẹ́ sì gbé e yẹ̀ wò. Bí a bá fẹ́ gba USDT, kí á yan ọ̀nà kan ṣoṣo, kí á kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì, kí á má fi àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láé. Tron ni èmi yóò yàn, nítorí pé a óò rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wa kíákíá, àti nítorí àdírẹ́ẹ̀sì oní-T rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà. Ṣùgbọ́n oníbodè rẹ̀ ń ka orí, nítorí náà kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú kan náà kó owó ìdáwó wọn jọ sí ọwọ́ ẹnì kan bí ẹni dá àjọ, kí ó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Dọ́là 15 lọ́nà 20 yóò san owó ibodè nígbà 20. Dọ́là 300 yóò san án lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni náà kọ́kọ́ fi dọ́là 5 dán ọ̀nà wò ní ìgbà àkọ́kọ́, kí akápò sọ pé òun rí i, kí ó tó fi èyí tí ó kù ránṣẹ́. Lóòótọ́, ìdánwò náà yóò san owó ibodè tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ iye tí àìdánwò ná mi fún yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó kékeré ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀ lóṣooṣù, kí ó lo Solana tàbí BNB, bí ìyá náà tàbí ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ní àpò tí ó ń gbà á.

Kí owó náà má sì ṣe sùn nínú USDT. Kí akápò sọ ọ́ di náírà ní ọjọ́ tí ó bá dé, kí ó wọ báńkì ẹgbẹ́. Tether lè ti àpò kan pa bí àwọn agbófinró bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó jí i, a lè bá wọn jẹ nínú ìyà tí a kò dá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ 12 tí ó ń ṣí àpò náà, kí á kọ wọ́n sí inú ìwé, kí akápò ní ìdajì, kí akọ̀wé ní ìdajì, kí ìwé méjèèjì má sì gbé inú ilé kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya fọ́tò wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín lórí fóònù tí ó ní òun ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ 12 náà fún òun, ẹ pa fóònù.

Alága ní a óò jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, a óò sì dìbò. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà ti ṣèlérí pé àwọn yóò jókòó ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbéèrè, ọ̀kan lórí Tron, ọ̀kan lórí Solana, ọ̀kan lórí BNB, láti agogo 3 kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú fóònù yín wá, kí ẹ sì ti fi iná sí i láti ilé, nítorí pé ẹ̀rọ amúnáwá gbọ̀ngàn wa kò tíì yá. Ìkómọjádé àwọn ìbejì wa ní Kubwa yóò wáyé ní ọjọ́ Thursday kan náà, ní agogo 8 òwúrọ̀. Àwọn òbí ní kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá nìkan jẹ ẹ̀wà.